Ọwọ́ Tí Ń Ká Kòkó: Ìrànlọ́wọ́ Tí Ó Wà fún Àwọn Alágbàṣe Àjèjì àti Ìdílé Wọn

Ẹni tí ó bá dúró ní Gesco ní Yopougon ní àkókò ìkórè ńlá, láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta, yóò rí ọ̀wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí ń ti ọ̀nà Àríwá wọ ìlú Abidjan. Kòkó ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Òmíràn ń lọ tààrà sí èbúté. Òmíràn ń lọ sí ilé iṣẹ́ tí ń lọ kòkó ní Yopougon níbẹ̀, irú èyí tí àwọn Cargill mú gbòòrò ní ọdún 2021. Ẹni tí ó wọn kòkó náà mọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹni tí ó rà á sì mọ iye tí ó san. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé ta ni ó ká a lórí igi, ta ni ó fọ́ ọ, tí ó sá a, ìdáhùn a máa ṣọ̀wọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àlejò ni ẹni náà: ọmọ Burkina Faso tàbí ọmọ Mali, tí òun àti aya àti ọmọ rẹ̀ ń gbé ní abúlé oko, tí ó jìnnà sí dókítà, sí ilé ẹ̀kọ́, àti sí ilé iṣẹ́ ìjọba.

Àwọn baba wa wí pé àlejò a máa lójú, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú ìwé yìí ni láti la ojú náà díẹ̀. A óò ṣàlàyé bí àwọn alágbàṣe wọ̀nyí ṣe dé oko, bí a ti ń san owó wọn, irú ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba àti ẹgbẹ́ gbogbo ti là sílẹ̀ fún wọn, àti ohun tí olúkúlùkù wa lè ṣe kí ìrànlọ́wọ́ náà lè dé ọwọ́ ẹni tí ó tọ́ sí.

BÍ WỌ́N TI DÉ OKO

Ilẹ̀ Côte d'Ivoire ni ó ń mú kòkó jáde jù ní gbogbo ayé lónìí. Nínú kòkó 10 tí a bá kó jọ ní ayé, nǹkan bíi 4 jẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ náà ju agbára àwọn onílẹ̀ nìkan lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Ní ayé ìjọba Faransé, ipá ni wọ́n fi ń mú ènìyàn lọ sí oko àti sí ojú irin. Ní ọdún 1932 pàápàá, ìjọba náà tú ilẹ̀ Haute-Volta ká, èyí tí a ń pè ní Burkina Faso nísinsìnyí, ó sì so apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mọ́ Côte d'Ivoire, kí àwọn olóko lè rí alágbàṣe kó. Ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Abidjan dé Bobo-Dioulasso ní ọdún 1934, ó sì dé Ouagadougou ní ọdún 1954.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1946, òfin tí Félix Houphouët-Boigny gbé lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris fi òpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Láti ìgbà náà, ẹni tí a bá fẹ́ kí ó wá ṣiṣẹ́, a ní láti fi ohun rere fà á ni. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1951, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SIAMO. Ẹgbẹ́ yìí ni ó ń gba àwọn òṣìṣẹ́ ní Haute-Volta, tí ó ń san owó ọkọ̀ ojú irin wọn, tí ó sì ń fà wọ́n lé àwọn olóko lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ parí ní ọdún 1960. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n ni ó ń mú àbúrò wá, ọ̀rẹ́ sì ń mú ọ̀rẹ́ wá, títí di òní. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé iye ènìyàn tí ó wà ní Côte d'Ivoire lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 29, àti pé ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún wọn tí í ṣe àlejò láti ilẹ̀ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá. Àwọn ará Ẹ̀jìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti ìlú mìíràn ti pẹ́ ní Abidjan, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń pè wá ní Anango. Òwò ni a bá wá jù, síbẹ̀ a mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn gbé ní ilẹ̀ onílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni baba rẹ̀ wà ní Ghana ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní oko kòkó wà lára àwọn tí ó lọ, àwọn olóko Ghana sì tètè rí i pé kò sí ẹni tí yóò bá wọn ro oko mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ilé wa ní Nàìjíríà, nínú oko kòkó Ondó àti agbègbè rẹ̀, àwọn Ẹ̀bìrà, àwọn Àgàtú àti àwọn mìíràn ni ó ti ń bá wa ṣe iṣẹ́ náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí ó gba àlejò sí oko kan, òun náà jẹ́ àlejò ní ibòmíràn.

BÍ A TI Ń SAN OWÓ IṢẸ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkínní ni ti alágbàṣe ọdọọdún, tí a óò fún ní oúnjẹ àti ibùsùn, tí a óò sì san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní òpin ìkórè. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní abusan: alágbàṣe ni yóò tọ́jú oko tí ó ti ń so, yóò sì gba ìdá kan nínú mẹ́ta èrè rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni abunu, níbi tí a ti ń pín in sí méjì dọ́gba, nítorí pé iṣẹ́ tí alágbàṣe ń ṣe níbẹ̀ pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣe é. Bí ìdílé kan bá ń tọ́jú oko kan ní abusan, tí oko náà sì mú 900 kílò jáde, ní iye 1,800 fránkì tí ìjọba kéde fún kílò kan ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, gbogbo owó náà jẹ́ 1,620,000 fránkì. Ìpín alágbàṣe yóò jẹ́ 540,000. Ní iye 1,000 fránkì tí ó wà ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìpín kan náà ì bá jẹ́ 300,000 péré. Ní iye 2,800 tí a kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, yóò jẹ́ 840,000. Ẹ rí i pé ìdílé kan náà, pẹ̀lú òógùn ojú kan náà, lè rí owó tí ó yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ọdún mẹ́ta. Iye owó tí ó gòkè lónìí lè wálẹ̀ lọ́la. Nítorí náà, kò yẹ kí a ka owó ọdún kan sí owó gbogbo ọdún.

Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ ni ìyọkúrò. Ta ni ó ra oògùn tí a fọ́n sí kòkó? Ta ni ó san owó àpò? Oúnjẹ tí a yá ìdílé náà jẹ nígbà òjò, èló ni? Bí kò bá sí ìwé, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá le jù ni yóò jàre. A kò lè sọ àsọjù pé kí ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. Ojú ìwé kan ti tó: orúkọ olóko àti ti alágbàṣe, ibi tí oko wà, ọ̀nà ìpín, ẹni tí yóò ra oògùn, ọjọ́ ìsanwó, àti ìbuwọ́lù ẹlẹ́rìí méjì, bóyá olórí abúlé àti ẹnìkan láti ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú alágbàṣe. Ẹni tí kò mọ ìwé, kí ó tẹ ìka, kí a sì ka ìwé náà sí i létí ní èdè tí ó gbọ́. Kí olúkúlùkù mú ẹ̀dà kan.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1960, ọ̀pọ̀ àlejò ni ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn kékeré àti ọ̀wọ̀ ọdọọdún, bí ìṣákọ́lẹ̀ ti rí láàárín wa. Ìjọba ìgbà náà sì ń gba ènìyàn níyànjú pé ẹni tí ó bá ro ilẹ̀ ni ilẹ̀ tọ́ sí. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1998 sọ ọ́ gbangba pé, lẹ́yìn ìjọba, ọmọ Côte d'Ivoire nìkan ni ó lè ní ilẹ̀ oko gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀. Àlejò lè yá a, ó sì lè fi ìwé yá a fún ọdún púpọ̀. Ẹni tí ó bá ń dáko lórí ọ̀rọ̀ ẹnu baba rẹ̀ títí di òní, kí ó tètè lọ bá ọmọ onílẹ̀, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ẹnu náà di ìwé nígbà tí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Tabou ní ọdún 1999, nígbà tí ìjà ilẹ̀ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Burkina kúrò nínú oko wọn, kò yẹ kí ó tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

ÌRÀNLỌ́WỌ́ TÍ Ó WÀ

Èkínní: ìwé ìbí. A fi í ṣíwájú nítorí pé òun ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn àwọn yòókù. Gẹ́gẹ́ bí òfin Côte d'Ivoire, gbogbo ọmọ tí a bí ní ilẹ̀ náà, ìbáà ṣe ọmọ onílẹ̀ tàbí ọmọ àlejò, ni a gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Ọ̀fẹ́ ni nígbà náà. Ní Yopougon, ní ilé ìjọba ìlú tí a ń pè ní mairie ni a ti ń ṣe é. Ní oko, ibi ìforúkọsílẹ̀ tí ó sún mọ́ abúlé ni kí a wá lọ. Kí baba tàbí ìyá mú ìwé tí agbẹ̀bí fún wọn dání, àti ìwé ìdánimọ̀ tiwọn. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá, ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́, owó ọkọ̀ àti àsìkò yóò sì bá a lọ.

Ẹ fojú inú wo ọmọbìnrin kan tí baba rẹ̀ ń ṣe abusan. Ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà. Ó mọ ìwé, ó sì mọ ìṣirò. Nígbà tí ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù díẹ̀, wọ́n béèrè ìwé ìbí rẹ̀. Kò sí. Baba rẹ̀ kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun gbà á, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà dúró nítorí bébà kan tí ọ̀fẹ́ ni ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ tí kò sọ fún aládùúgbò rẹ̀ ní ìpín nínú àdánù náà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì í gbọ́: ìwé ìbí kì í sọ ọmọ di ọmọ Côte d'Ivoire. Láti ọdún 1972, ẹni tí baba tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà ni òfin kà sí ọmọ ilẹ̀ láti ìgbà ìbí. Nítorí náà, kí àwọn òbí tí í ṣe àlejò tún mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ aṣojú ìjọba ilẹ̀ wọn ní Abidjan, kí ọmọ má baà di ẹni tí kò ní ilẹ̀ kankan.

Èkejì: ilé ẹ̀kọ́. Òfin oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ láti ọdún 6 títí dé ọdún 16 wà ní ilé ẹ̀kọ́. Òfin náà kò yọ ọmọ alágbàṣe sílẹ̀. Fún àwọn tí wọ́n ti dàgbà kọjá kíláàsì àkọ́kọ́ láì wọ ilé ẹ̀kọ́ rí, kíláàsì kan wà ní àwọn agbègbè kan tí wọ́n ń pè ní classe passerelle, èyíinì ni kíláàsì afárá. Níbẹ̀ ni a ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà àti ìṣirò kíákíá, títí yóò fi lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó.

Ẹ̀kẹta: ìlera. Òfin ọdún 2014 dá ìdáàbòbò ìlera gbogbogbòò sílẹ̀, tí a ń pè ní CMU, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní oṣù kẹwàá ọdún 2019. Gbogbo ẹni tí ń gbé ní ilẹ̀ náà ni a dá a sílẹ̀ fún. Owó rẹ̀ jẹ́ 1,000 fránkì fún ẹni kọ̀ọ̀kan lóṣù. Bí ẹni tí ó ń san án bá ṣàìsàn, tí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn tí ó wà nínú ètò náà, CMU yóò san 70 nínú gbogbo 100 fránkì tí ìtọ́jú rẹ̀ bá jẹ, òun yóò sì san 30 yòókù. Ìdílé ẹni márùn-ún yóò san 60,000 fránkì lọ́dún. Owó kékeré kọ́ ni fún alágbàṣe; nítorí náà ni a ṣe ń gba àwọn olóko níyànjú pé kí wọ́n jẹ́ kí ó wà nínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì yọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí owó kòkó bá wọlé.

Ẹ̀kẹrin: ìdáàbòbò àwọn ọmọ. Àwọn aṣèwádìí láti Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2020 pé ọmọ 1,560,000 ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ ọmọdé nínú oko kòkó Côte d'Ivoire àti Ghana. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ọ̀dọ̀ òbí tàbí ẹbí wọn ni wọ́n ti ń ṣe é. Kì í ṣe pé ó burú kí ọmọ bá ìyá rẹ̀ ṣa ewé tàbí gbá ilé. Ohun tí òfin kọ̀ ni kí ọmọ lo àdá láti fọ́ kòkó, kí ó fọ́n oògùn, kí ó ru ẹrù tí ó wúwo, tàbí kí iṣẹ́ gba àsìkò ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láti ọdún 2002 ni ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ International Cocoa Initiative ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ètò rẹ̀, ẹnìkan láti inú abúlé fúnra rẹ̀ ni a ń kọ́ láti máa lọ láti ilé dé ilé, láti mọ ọmọ tí ó wà nínú ewu àti ohun tí ó fà á. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìbí ni kò sí, a óò ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbà á. Bí ó bá jẹ́ ìwé àti báàgì ilé ẹ̀kọ́ ni, a óò fún wọn.

Ẹgbẹ́ kan náà tún ń kó àwọn géńdé abúlé jọ, ó ń kọ́ wọn ní bí a ti ń gé ẹ̀ka kòkó àti bí a ti ń fọ́n oògùn láìsí ewu. Olóko lè sanwó fún wọn dípò kí ó rán ọmọ níṣẹ́ náà. Ní ọdún 2011 ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lábẹ́ àkóso ìyàwó Ààrẹ, Dominique Ouattara, láti máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2013 Côte d'Ivoire àti Burkina Faso fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti dẹ́kun àwọn tí ń kó ọmọ ọlọ́mọ kọjá ààlà. Ní ọdún 2018 a ṣí ilé ìgbàlejò fún àwọn ọmọ tí a gbà sílẹ̀ ní Soubré. Nọ́ḿbà tẹlifóònù tí a lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ọmọ tí ó wà nínú ewu ni 116.

Ẹ̀karùn-ún: àpótí ìfowópamọ́. Èyí kò nílò àlàyé púpọ̀ fún Yorùbá, nítorí pé ẹ̀gbọ́n èsúsú ni a kà, àbúrò rẹ̀ sì ni èyí. Ní ilẹ̀ Niger ni ẹgbẹ́ CARE ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin ní ọdún 1991, ó sì ti tàn dé àwọn abúlé kòkó, níbi tí a ń pè é ní AVEC. Àwọn bíi 15 sí 25 a máa pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọn a fi owó wọn sínú àpótí tí ó ní àgádágodo mẹ́ta, ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ a sì di kọ́kọ́rọ́ mú, kí ẹnikẹ́ni má baà dá ṣí i. Ọmọ ẹgbẹ́ lè yá nínú rẹ̀ pẹ̀lú èlé díẹ̀. Ní òpin ọdún, wọn a pín owó àti èlé náà gẹ́gẹ́ bí olúkúlùkù ti fi sílẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ fún aya alágbàṣe ni pé kò béèrè ilẹ̀ tàbí ìwé ìní kí a tó gbà á wọlé, owó rẹ̀ sì wà ní abúlé kan náà tí ó ń gbé. Owó ilé ẹ̀kọ́ oṣù kẹsàn-án lè ti ibẹ̀ jáde, nígbà tí kòkó kò tíì wọlé.

Ẹ̀kẹfà: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ẹgbẹ́ yìí ni ó dàgbà jù nínú gbogbo wọn. Àlejò tí ó bá dé Yopougon láti oko, tí ara rẹ̀ kò yá tàbí tí a kò san owó rẹ̀, ọ̀dọ̀ ará ìlú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Wọn a wá ibùsùn fún un, wọn a bá a dé ilé ìwòsàn, wọn a kọ ìwé fún un, bí ó bá sì di ọ̀rọ̀ ikú, wọn a dá owó òkú. Ní ọdún 2011, nígbà ìjà tí ó tẹ̀lé ìdìbò, Yopougon wà lára ibi tí ó gbóná jù ní Abidjan, a sì dójú sọ àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Afíríkà tí ń gbé ibẹ̀. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó mọ ilé rẹ àti orúkọ ìyá rẹ ni alábòó àkọ́kọ́. Nítorí náà, kí alágbàṣe forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ ní ọjọ́ àlàáfíà.

OHUN TÍ Ó KÙ SÍ ỌWỌ́ WA

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba lè ṣòfin, ṣùgbọ́n kò lè wà ní gbogbo abúlé oko. Alágbàṣe wà ní abúlé, ṣùgbọ́n kò lè ka òfin. Àwa tí ó wà láàárín wọn, olóko, oníṣòwò kòkó, awakọ̀, olórí ẹgbẹ́, ni afárá.

Olóko, béèrè lọ́wọ́ alágbàṣe rẹ ní ọ̀sẹ̀ yìí bóyá gbogbo ọmọ rẹ̀ ni ó ní ìwé ìbí. Kọ àdéhùn rẹ sílẹ̀ kí òjò tó dé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni yóò tọ́jú igi rẹ bí tirẹ̀, tí yóò sì padà wá ní ọdún tí ń bọ̀.

Alágbàṣe, pa ìwé gbogbo tí a bá fún ọ mọ́ sínú ọ̀rá kí òjò má baà bà á jẹ́: ìwé ìdánimọ̀, ìwé ìbí ọmọ, ìwé àdéhùn, ìwé ìwọ̀n kòkó. Burkina Faso, Mali àti Niger ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025. Fún ìdí èyí, kí àwọn ọmọ ilẹ̀ wọ̀nyí máa bèèrè lọ́dọ̀ aṣojú ìjọba wọn nípa ìwé ìrìnnà kí wọ́n tó kọjá ààlà.

Oníṣòwò, ìwọ tí o ń lọ tí o ń bọ̀ láàárín Yopougon àti oko, ẹnu rẹ ni ìwé ìròyìn tí ó yára jù. Ọmọ tí a bí ní abúlé ní oṣù yìí, oṣù mẹ́ta péré ni ó ní. Bí o bá gbọ́ igbe ìkókó nígbà tí o lọ ra kòkó, kí ìyá rẹ̀ kú ewu ọmọ, kí o sì bi í léèrè bóyá wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.